Bay márùn-ún, òpó mẹ́fà: kí ni "starter bay" àti "add-on bay"?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní wíáháòsì tó ń kó ṣẹ́ẹ̀fù súpámákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, irú èyí tó wà ní Midlands nílùú Ọba níbí, ìwé tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi lé yín lọ́wọ́ láàárọ̀ ni pick list. Ohun tẹ́ ẹ máa kó wà níbẹ̀, iye ẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tó wà lórí ráàkì náà wà níbẹ̀. Kò le. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì kan wà níbẹ̀ tó máa ń da àwọn èèyàn wa láàmú, starter bay àti add-on bay, wọ́n á rò pé orúkọ lásán ni, wọ́n á fò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú bay fúnra ẹ̀ ná. Ṣé ẹ mọ ṣẹ́ẹ̀fù onírin gígùn tí wọ́n ń to ẹ̀wà inú agolo àti bísíkíìtì sí, lójú ẹni tó wá rajà ó dà bí ẹyọ kan, àmọ́ abala abala ni wọ́n tò ó. Abala kan láàárín òpó méjì ni bay. Èyí tó fẹ̀ tó mítà kan, 1000mm, wọ́pọ̀ gan-an, èyí tó jẹ́ 1250mm náà wà. Òpó irin méjì dúró, ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, pátákó ẹ̀yìn wọ àárín wọn, ṣẹ́ẹ̀fù wá jókòó lórí bírákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kọ́ ihò ara òpó.

Starter bay ni abala àkọ́kọ́. Ó máa dá dúró, torí náà òpó méjì ló ń bá a wá. Add-on bay ni èyí tó tẹ̀lé e, òpó kan péré ló ń bá a wá, torí òpó kejì ẹ̀ ti wà nílẹ̀, òun àti abala tó ṣáájú ló jọ ń lò ó. Ẹ rántí ilé fesi-mi-n-fesi-ẹ tí ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sí: ògiri kan ló wà láàárín yàrá àti yàrá, kò sí bíríkìlà tó máa mọ méjì síbẹ̀. Yàrá márùn-ún lórí ìlà kan, ògiri mẹ́fà. Bay márùn-ún, òpó mẹ́fà.

Ẹni tó bá ti lóye ìyẹn á rò pé ó tán, ka bay, fi òpó kan lé e. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Bay mẹ́sàn-án ni oníbàárà kan fẹ́, mo kó òpó mẹ́wàá, mo so ó mọ́ pálẹ́ẹ̀tì, pátákó tí wọ́n ń to ẹrù lé, dáadáa, tírélà gbé e lọ. Mi ò wo àwòrán ṣọ́ọ̀bù náà. Ilẹ̀kùn kan wà láàárín ògiri yẹn, bay márùn-ún wà lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, ìlà méjì ni. Márùn-ún gba òpó mẹ́fà, mẹ́rin gba márùn-ún, mọ́kànlá nìyẹn. Àwọn tó ń tò ó dé ibẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù ti pa, wọ́n ń tò ó lọ títí wọ́n fi kan bay ìkẹyìn, òpó ò sí mọ́. Lọ́jọ́ kejì mọ́tò kan gbéra nítorí irin kan ṣoṣo. Ó dùn mí gan-an, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka òpó yẹn kó tó kúrò.

Láti ọjọ́ yẹn, ìlà ni mo kọ́kọ́ ń kà. Run ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú iye bay, ẹ fi iye run kún un, iye òpó nìyẹn. Run kọ̀ọ̀kan ní starter kan, gbogbo yòókù add-on ni, torí náà tẹ́ ẹ bá rí starter méjì lórí pick list, ìlà méjì ló wà lọ́ọ̀hún. Ẹ ṣọ́ra fún gondola náà, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀fù àárín ṣọ́ọ̀bù tó kọjú síbí tó kọjú sọ́hùn-ún: òpó kan náà ló ń sin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àmọ́ ẹsẹ̀ méjì ni òpó kọ̀ọ̀kan ní. Òpó mẹ́fà, ẹsẹ̀ méjìlá. Abala tó wà ní ìparí ẹ̀, níbi tí wọ́n ń to ọjà tí wọ́n bu owó ẹ̀ sílẹ̀ sí, starter la kà á sí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òpó méjì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Bírákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìyẹn ò ṣe é pín o. Ṣẹ́ẹ̀fù kọ̀ọ̀kan gba méjì, ọ̀kan òsì, ọ̀kan ọ̀tún, bíi bàtà. Ìlà ihò méjì ló wà lójú òpó, ọ̀kan fún bay tó wà lápá ibí, ọ̀kan fún èkejì. Ṣẹ́ẹ̀fù mẹ́rin lórí bay kan, láìka ti ìsàlẹ̀ tó jókòó lórí ẹsẹ̀, bírákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, bay márùn-ún di ogójì, ogún òsì, ogún ọ̀tún. Mo ti ṣí páálí tí ogójì pé nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé òsì ló pọ̀ jù.

Dídì ẹ̀ wá kù. Pálẹ́ẹ̀tì níbí sábà máa ń gùn tó 1200mm, kó fẹ̀ tó 1000mm, òpó míì sì ga ju mítà méjì lọ, torí náà pálẹ́ẹ̀tì gígùn la ń wá fún un, ká fi páálí sáàárín kí irin má fi ara ha irin. Ó wúwo. Ìlànà HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, ni 25kg fún ọkùnrin, 16kg fún obìnrin, ìyẹn tí ẹrù bá wà ní ìbàdí tó sì sún mọ́ ara, ẹ má dá gbé ohun tó jùyẹn, ẹ pe ẹnìkejì yín. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò lẹ ó kó wọ tírélà kẹ́yìn, kí òpó àti ẹsẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èmi máa ń fi máàkà kọ ọ́ gàdàgbà sára náílọ́ọ̀nù, RUN 1 òpó 6, RUN 2 òpó 5, kí ẹni tó máa tò ó lè kà á kí dírẹ́bà tó kúrò níbẹ̀.