Lẹ́ńsì wo ló ń ya nẹ́gátíìfù dé etí?

Ẹni tó bá kó páálí nẹ́gátíìfù jáde láti sítúdíò àtijọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lè fi kámẹ́rà dìjítà sọ wọ́n di fọ́tò orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á tẹ́ fíìmù sórí iná funfun, kámẹ́rà á dojú kọ ọ́ láti òkè, wọ́n á yà á, kọ̀ǹpútà á wá sọ dúdú di funfun. Lẹ́ńsì ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Àwòrán kan lórí fíìmù 35 mm fẹ̀ ní 36 mm, ó ga ní 24 mm. Bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀, bá tóbi bákan náà, lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ fíìmù débi pé yóò hàn lórí sẹ́ńsọ̀ bó ṣe tóbi gan-an. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní 1:1. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá kì í sábà lè ṣe é.

Ẹ wo fọ́tò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ní Ojúde Ọba. Wọ́n tò gbọọrọ nínú aṣọ kan náà, ẹni tó kángun sápá òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta. Fíìmù tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ibi tí lẹ́ńsì lásán ti ń ríran kedere tẹ̀ bí inú igbá: bí àárín bá hàn, etí á di bàìbàì. Ẹni àárín á wọ ìlẹ̀kẹ̀ tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni etí á di òjìji. Bẹ́ẹ̀, bàbá ẹnìkan ni ẹni etí yẹn.

Lẹ́ńsì macro, èyí tí wọ́n fi ń ya nǹkan láti ìtòsí, ló ń bọ́ nínú èyí, torí ohun tó tẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Micro-Nikkor 55 mm f/2.8 àtijọ́ dára púpọ̀; ìdajì, 1:2, ló ń dé fúnra rẹ̀, ó sì nílò túùbù 27.5 mm, òrùka oníhò tí wọ́n ń fi sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà, kó tó dé 1:1. Fún àwòrán onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó 56 mm lórí fíìmù 120, irú èyí tó fẹ̀ ju ti 35 mm lọ, kò nílò túùbù rárá. Lẹ́ńsì ẹnlájà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ nẹ́gátíìfù di fọ́tò ńlá, bíi EL-Nikkor tàbí Rodagon náà kò kẹ̀rẹ̀: nẹ́gátíìfù ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ilẹ̀ wá, nínú yàrá òkùnkùn. Kò ní ohun tí a fi ń sún un síwá sẹ́yìn, torí náà túùbù tàbí bẹ́lò, ìyẹn túùbù tó ń nà tó sì ń súnkì, ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Lẹ́ńsì 50 mm lásán pẹ̀lú túùbù 50 mm ń dé 1:1 lówó pọ́ọ́kú, etí ni yóò fi san án. Gíláàsì tí wọ́n ń dè sí iwájú lẹ́ńsì ló burú jù, àwọ̀ elésè-àlùkò á máa yọ létí nǹkan.

Ihò lẹ́ńsì ní f/8 ló dára fún ọ̀pọ̀ wọn; bí nọ́ńbà f bá ṣe ń ga sí i ni ihò ń kéré sí i. Ní 1:1, f/8 ti ń ṣe bíi f/16. Ẹni tó bá tún dín in kù yóò pàdánù kínníkínní àwòrán.

Kí wọ́n tó tẹ́ fíìmù, dígí pẹlẹbẹ ni kí wọ́n fi sípò rẹ̀. Bí lẹ́ńsì bá rí ojú ara rẹ̀ ní àárín gbùngbùn, kámẹ́rà kò fì sápá kan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fẹ àwòrán lójú kámẹ́rà títí wóró fíìmù, tó dà bí iyanrìn, yóò fi hàn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.