Ọ̀gá database kú, igbákejì ò dìde: ibo lẹ máa kọ́kọ́ wò?

Ní Ọ̀yọ́, tí Aláàfin bá wàjà, kì í ṣe ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré wọ ààfin ló máa jọba, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje, ló máa jókòó fẹnu kò. Cluster database, ìyẹn àwọn server tó jọ ń tọ́jú dátà kan náà, ò yàtọ̀. Server kan ni ọ̀gá, òun nìkan ló ń gba àkọsílẹ̀ tuntun, àwọn igbákejì ń dà á kọ, tí ọ̀gá bá lọ, ọ̀kan nínú wọn á bọ́ sípò. Ìyẹn ni failover. Tí kò bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má tíì fọwọ́ kan database rárá, ẹ lọ wo àwọn tó ń dìbò.

Ẹ jẹ́ ká fi PostgreSQL, irú database kan, ṣàpẹẹrẹ, èyí tó ń lo Patroni (ètò tó ń bójú tó ẹni tó jẹ́ ọ̀gá) àti etcd (àwọn tó ń dìbò gan-an). Inú etcd ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá wà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ dọ̀tun, tí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá kọjá tí kò ṣe é (iye tí Patroni bá wá nìyẹn, ẹ lè yí i), kọ́kọ́rọ́ á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn igbákejì á du ú. Ṣùgbọ́n etcd ò lè fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ pé ó ju ìdajì àwọn server rẹ̀ lọ tó wà láàyè: nínú mẹ́ta, méjì, nínú méjì, méjì náà ni, ìdí nìyẹn tí etcd méjì ò fi dáàbò bo nǹkan kan. Ibi tó ti ń bá ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì nìyí o: etcd mẹ́ta wà lóòótọ́, àmọ́ méjì so mọ́ inverter kan náà, wọ́n mú iná ọba lọ, inverter tán, ẹyọ kan tó kù ò lè dìbò, kódà ọ̀gá tó ṣì wà láàyè á kúrò nípò fúnra ẹ̀, kò ní gba àkọsílẹ̀ mọ́. `etcdctl endpoint health --cluster` ló máa fi hàn yín.

Tí etcd bá wà dáadáa, ẹ tẹ `patronictl list`. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan pa Patroni dúró fún àtúnṣe tó sì gbàgbé, `patronictl resume` á tán an. Tàbí kẹ́ ẹ rí i ní Lag pé igbákejì ti jìnnà sẹ́yìn ju 1048576 byte lọ, Patroni ò ní gbà á láàyè láti jọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gbé iye yẹn sókè kó lè ṣáà wọlé, torí gbogbo ohun tí kò tíì dà kọ ti lọ nìyẹn, owó táwọn kọsítọ́mà san wà nínú ẹ̀. Ẹ wá ìdí tó fi ń falẹ̀, dísíìkì tó kún tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà míì failover ti ṣẹlẹ̀, app ló ń lọ bá ọ̀gá àtijọ́, ẹ máa rí "cannot execute INSERT in a read-only transaction". Àdírẹ́sì ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ jẹ́ kí HAProxy (ètò tó ń darí app lọ sí server tó yẹ) máa béèrè lọ́wọ́ Patroni ní port 8008 ta ni ọ̀gá.

Èyí tó burú jù ni ọ̀gá méjì. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Ẹ bi server kọ̀ọ̀kan ní `SELECT pg_is_in_recovery();`, f ni ọ̀gá, t ni igbákejì, tí méjì bá dáhùn f, ẹ yọ app kúrò lára méjèèjì, ẹ ṣe ẹ̀dà dátà méjèèjì kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Lẹ́yìn náà ni pg_rewind, irinṣẹ́ PostgreSQL, lè dá ọ̀kan padà sí igbákejì, bó bá jẹ́ pé ẹ ti tan ètò wal_log_hints tàbí checksum nínú PostgreSQL tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa dà á kọ.