Anodáísì: awọ irin ni, ẹ má pè é lọ́dà

Lẹ́yìn ọdún Kérésì, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá péńtìbọ́ọ̀lù l'Ékòó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù léètì mi (ẹ̀rọ tí a fi ń rọ irin) ní Òwódé, níhìn-ín l'Ọ̀yọ́. Ó fi aṣọ wé máákà kan mọ́ra. Máákà ni wọ́n ń pe ìbọn tó ń fi afẹ́fẹ́ ta hóró ọ̀dà nínú eré yẹn. Àwọn tó ń sàmì sí igi àti màlúù l'Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ń lò ó, kí àwọn kan tó fi ṣeré lọ́dún 1981. Ti ọmọ yìí jẹ́ elésè àlùkò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti jẹ́ kó ṣá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi sáńpépà ha ọ̀dà ara ẹ̀ kúrò. Màá gbé e fún pánẹ́lì bítà kó fín tuntun sí i."

Mo ní, "Àbúrò, kò sí ọ̀dà kankan lára ẹ̀."

Ó wò mí bíi pé mo ti ń gbàgbé nǹkan. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti jókòó ti wíńdò àlùmínì aláwọ̀ góòlù tí wọ́n rò pé wọ́n kùn ún ni. Anodáísì ni, ìyẹn awọ tí wọ́n mú jáde lára àlùmínì fúnra rẹ̀.

Àwa ará Ọ̀yọ́ ló yẹ kó tètè yé. Ọ̀rọ̀ kan náà la ń lò fún iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀: wọ́n ń fín ọ̀dà, wọ́n sì ń fín igbá. Ọ̀dà tí wọ́n fín sára ilẹ̀kùn, orí ilẹ̀kùn ló wà. Ẹ ha á, ilẹ̀kùn ṣì wà bó ṣe wà. Ọnà tí afíngbá fín sára igbá, ara igbá náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ àfi kó ha igbá, igbá á sì fẹ́lẹ́ sí i. Fínfín ti igbá ni anodáísì jọ.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àlùmínì, kíá ni afẹ́fẹ́ ti fi awọ tín-ín-rín bò ó. Awọ yẹn ni kì í jẹ́ kó dípẹtà bí irin dúdú. Anodáísì kàn ń fi iná mànàmáná mú awọ náà nípọn ju bí afẹ́fẹ́ ṣe lè ṣe é lọ ni. Wọ́n á fi wáyà pọ́sítíìfù so nǹkan náà rọ̀ sínú omi tí wọ́n po ásíìdì mọ́, irú ásíìdì tó wà nínú bátìrì mọ́tò, tó máa ń tó nǹkan bíi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á so òjé tàbí àlùmínì míràn mọ́ nẹ́gátíìfù. Bí iná bá ti ń lọ, ọ́síjìn inú omi á máa lọ dà pọ̀ mọ́ ojú àlùmínì, àlùmínì fúnra rẹ̀ á sì máa di awọ. Awọ náà le gan-an. Ohun kan náà ló wà lójú ọ̀pọ̀ sáńpépà tó ń ha irin, nítorí náà sáńpépà tí àbúrò mi ń bẹ̀ mí fún, ọmọ ìyá ohun tó fẹ́ ha ni.

Awọ yìí ní ihò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, ojú lásán ò lè rí i. Inú àwọn ihò yẹn ni aró ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná kí ẹnu ihò lè pa dé. Tó bá jẹ́ dídán ni wọ́n fẹ́, wọ́n á ti bó o dán kó tó wọ omi. Tó bá jẹ́ èyí tí kò ní kọ mànà, wọ́n á ti fẹ́ hóró gíláàsì wẹ́wẹ́ sí ojú rẹ̀.

Ibi tó ń dun oníléètì rèé. Máíkírọ́nù la fi ń wọn awọ yìí. 1,000 rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí sì máa ń tó nǹkan bíi 70. Anodáísì aláwọ̀ sábà máa ń wà láàárín 5 sí 25. Ká mú 20. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ irin wọlé, ìyẹn 13. 7 ló wú síta. Bí a bá bó awọ yẹn, tí a tún ṣe 20 míràn, 7 péré ni yóò wú padà, 13 ti lọ nìyẹn. Nínú ihò tó la inú máákà já (kì í ṣe ihò wẹ́wẹ́ inú awọ), apá ọ̀tún àti apá òsì ló ń ṣẹlẹ̀ sí, torí náà ihò á fi 26 fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bolt tó ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú ihò yẹn (kì í ṣe bóòtù tí à ń fi nọ́ọ̀tì dè o), tí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, òun náà á fi 26 tín-ín-rín. Àpapọ̀ àlàfo á fi 52 lé sí i. O-ring, òrùka rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́, lè gba díẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ á máa jò, bolt á máa mì. Ọ̀dà pánẹ́lì bítà wá burú sí òdìkejì: ọ̀dà mọ́tò sábà máa ń lé ní 100 máíkírọ́nù, bó bá wọnú ihò, bolt ò ní rìn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń dí gbogbo ihò àti ojú sukúrù kí wọ́n tó bó ara máákà. Wọ́n á sì yọ gbogbo irin dúdú kúrò, tó fi dé píìnì kékeré, torí ásíìdì yẹn á jẹ ẹ́ ni. Kò ní fún un ní awọ.

Mo ṣàlàyé tán, ọmọ yìí dákẹ́. Ó wá ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá kan jáde. Bolt rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àlùmínì, funfun ráúráú. Ó ti rì í sínú sódà tí ìyá rẹ̀ fi ń se ọṣẹ, ó ní ó hó bíi ẹ̀kọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti se ọṣẹ rí mọ̀ pé a kì í po sódà nínú ìkòkò àlùmínì, torí bó bá jẹ awọ tán, ìkòkò ló kàn. Mo fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde. Mo fi o-ring sí i, mo tì í sínú ihò, ó já wọlé láìsí ìdíwọ́ kankan, ó sì bọ́ sórí bẹ́ǹṣì lódìkejì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè rọ òmíràn?"

Mo lè rọ ọ́. Mo ní kó fi ara elésè àlùkò yẹn sílẹ̀ bó ṣe ṣá, kó lọ wá ọ̀pá àlùmínì gidi wá, kó má mú àgékù ìkòkò wá fún mi.