Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ọ́ìlì tàǹsífọ́mà: ohun tó lè yẹ̀ wò lára ara rẹ̀ àti ohun tí kò lè rí

Ọ́ìlì inú tàǹsífọ́mà ń gbé ooru kúrò lára wáyà, kì í sì í jẹ́ kí iná ta láti ibì kan sí ibòmíràn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kejì yìí ni ẹ̀rọ alágbèéká tó ń yẹ ọ́ìlì wò máa ń dán wò. Wọ́n á bu ọ́ìlì sínú ife kan tó ní orí irin méjì tó kọjú síra. Ní ìlànà IEC 60156 (IEC ni àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà fún ohun èlò iná), àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 2.5. Ẹ̀rọ á máa gbé fólítì sókè, 2 kV (kílófólítì, ìyẹn ẹgbẹ̀rún fólítì) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, títí iná á fi ta. Ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ń sinmi fún ìṣẹ́jú méjì láàárín wọn, lẹ́yìn náà á ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, á sì fi mẹ́fà pín in.

Orí èsì yìí ni owó ńlá máa ń dúró lé. Fún tàǹsífọ́mà 33 kV tó ti ń ṣiṣẹ́, ìlànà IEC 60422 ka ọ́ìlì tó bá ju 40 kV lọ sí èyí tó dára, èyí tí kò bá tó 30 kV sì ti bàjẹ́. Bí ife bá dọ̀tí, tó sì fa èsì wálẹ̀ láti 45 sí 28, ẹnì kan lè pe àwọn tó ń sẹ́ ọ́ìlì wá síbi tí nǹkan kan kò ṣe. Bí àlàfo irin bá sì ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì tó ti bàjẹ́ á máa dán gbinrin lórí ìwé. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò: bóyá ìrántí rẹ̀ pé, bóyá bátìrì ní agbára tó, bóyá ìdérí yàrá àyẹ̀wò, ìyẹn àyè inú ẹ̀rọ tí ife ń jókòó sí, ti dé dáadáa, bóyá fólítì tó ń wọ̀n bá èyí tó pàṣẹ mu. Ọ̀nà tó fi ń já iná náà ṣe pàtàkì, torí pé nínú ọ́ìlì mínírà, iná gbọ́dọ̀ já láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 10 (ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá) lẹ́yìn tó bá ta. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èédú á pọ̀ nínú ọ́ìlì, ojú irin á sì jẹ.

Bí ìwé ẹ̀rọ bá fàyè gbà á, wọ́n tún lè yọ ife kúrò pátápátá, kí wọ́n jẹ́ kí fólítì gun òkè dé òpin agbára ẹ̀rọ, 60 tàbí 80 kV. Kò gbọdọ̀ ta rárá. Bó bá ta, kí wọ́n wá eruku, ọ̀rinrin tàbí ọ́ìlì tó dànù sínú yàrá náà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ife òfìfo ṣe é léraléra o: afẹ́fẹ́ inú àlàfo 2.5 mílímítà á ta ní nǹkan bíi 6 kV, ojú irin ló sì máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ lè kọ “ó yege” sójú rẹ̀ kí ife náà sì dọ̀tí bí ìkòkò àná. Kò sí ohun tó ń yẹ ife wò bí kò ṣe ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń lò ó.

Fọ́nrán ni ọ̀tá tó gbóná jù. Fọ́nrán aṣọ kan ṣoṣo tó bá ti mu ọ̀rinrin, iná á fà á wọ àárín irin méjèèjì, á tò ó bí afárá, iná á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi àkísà nu inú ife. Aṣọ tí kì í já fọ́nrán ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n kàn fi ọ́ìlì tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ṣan inú rẹ̀, kí wọ́n sì dà á nù. Bí èsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń fò kiri, 52, 31, 47, 25, fọ́nrán tàbí ọ̀rinrin ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí.

Ní etíkun bí Èkó, ọ̀rinrin tún ní ọgbọ́n mìíràn. Bí wọ́n bá gbé ife jáde látinú ọkọ̀ tí éè-sí ti mú tutù, tí wọ́n sì ṣí i nínú ooru ọ̀sán, ife á làágùn. Omi tín-ín-rín náà á wọnú ọ́ìlì. Kí wọ́n jẹ́ kí ife àti ọ́ìlì gba ooru ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí wọn. Bí iṣẹ́ bá tán, wọn kì í gbé ife sílẹ̀ lófìfo. Ọ́ìlì tó mọ́, tó sì gbẹ, ni wọ́n ń rọ kún inú rẹ̀, wọ́n á sì dé e.

Lẹ́yìn ìrìn àjò, pàápàá ní ọ̀nà tó ní kòtò, kí wọ́n fi géèjì irin wọn àlàfo náà. Kí wọ́n rọra ti géèjì náà wọlé, kó má bàa ha ojú irin. Bí iná bá ti jẹ ojú irin ní kòtò kéékèèké, kí wọ́n dán an tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tún wọn àlàfo.

Kí wọ́n ṣájì bátìrì kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀rọ, kí wọ́n so wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná wọ ilẹ̀, kí wọ́n tó tan án. Bíríkì tàbí téèpù tí àwọn kan fi ń tẹ swíìṣì ìdérí (èyí tí kì í jẹ́ kí iná wà bí ìdérí bá ṣí) mọ́lẹ̀, ikú ni wọ́n fi ń ṣeré. Bébà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ èsì sí máa ń ṣá bó bá pẹ́ nínú ooru ọkọ̀, nítorí náà kí wọ́n tún kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé.

Ìyẹ̀wò ara-ẹni tún ní ààlà kan: ara rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń wọn ara rẹ̀. Bí ohun tó ń wọn fólítì bá ti ń yà díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, ó lè máa yege síbẹ̀. Mítà òde tó ní ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń gbé sínú yàrá àyẹ̀wò nípò ife, kí wọ́n fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ti ẹ̀rọ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá já bọ́, kí wọ́n má dúró de ọdún tó ń bọ̀.