Ṣé lóòótọ́ ni pé iṣẹ́ kì í pani?

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, bí oorun bá ti ń kun ẹnikẹ́ni nínú wa nídìí máṣìn, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀gá wa máa ń sọ: “Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani.” A ó bomi bọ́jú, a ó tún jókòó. Ìgbà tí mo ṣe fírídọ̀mù tán, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi n’Íbàdàn, èmi náà ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi. N kò purọ́ fún wọn o, mo gbà á gbọ́ ni. Mo gbà pé ẹni tó bá lè sọ òru di ọ̀sán ni yóò là, pé ìsinmi, ti àwọn tó ti lówó tán ni.

Oṣù Kejìlá ọdún kan, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àti aṣọ Kérésì pàdé lórí wa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń rán aṣọ mọ́jú. Ní òru ọjọ́ kẹrin, aago méjì kọjá díẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé. Mo tẹ́ léèsì oníbàárà kan sórí tábìlì, ọ̀pá márùn-ún tó lọ rà ní Gbági. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé ọwọ́ ẹ̀wù kan, mo gé èkejì. Ìgbà tí mo fẹ́ so wọ́n mọ́ ara ẹ̀wù ni mo tó rí i pé ọwọ́ òsì ni méjèèjì. Léèsì yẹn ní ojú, ó ní ẹ̀yìn, kò ṣeé dojú dé. Èyí tó kù nílẹ̀ kò tó rán ọwọ́ ẹ̀wù ọmọ ọwọ́. Owó tí mo fi ra òmíràn padà ju gbogbo èrè tí a rí ní òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ.

Ṣùgbọ́n léèsì kọ́ ló ń dùn mí títí dòní. Kí n tó gé e, ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù ti tẹ máṣìn lu ìka ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gba orí èékánná wọlé, ó yọ nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi àkísà dì í, mo sì ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Mo tún fi òwe yẹn kún un.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yìí láìfi bọpobọyọ̀: iṣẹ́ ń pani. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, jọ gbé ìṣirò kan jáde. Wọ́n ní ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí 745,000 ènìyàn ló kú káàkiri ayé nítorí pé iṣẹ́ wọn gùn jù. Nínú wọn, 398,000 ni rọpárọsẹ̀ pa, 347,000 ni àrùn ọkàn pa, irú èyí tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn ń dí. Ibi tí wọ́n fa ìlà sí ni wákàtí 55 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu kí rọpárọsẹ̀ kọlù ú fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù.

Wákàtí 55 lè dún bí ohun ńlá létí. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méjọ àárọ̀, tó ń tì í láago méje alẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, wákàtí 66 nìyẹn. Kódà bó bá ń fi wákàtí kan jẹun lójúmọ́, ó ṣì ku 60. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọjá ìlà yẹn tipẹ́, a ò sì mọ̀ pé ìlà kankan wà níbẹ̀. N kò tíì ka wákàtí tí ará Ìkòròdú ń lò nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kó tó dé Erékùṣù.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ni. Ara tí wọn kò jẹ́ kó sinmi gbà pé ogun ló wà níwájú. Ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á máa ga, kò sì ní í ráyè wálẹ̀ nítorí oorun tí ì bá mú un wálẹ̀ kò sí. Àfikún rẹ̀ ni oúnjẹ alẹ́ tí a jẹ láago mọ́kànlá, ìjókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àti ọtí tàbí sìgá tí àwọn mìíràn fi ń pa àárẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń pani. Nínú ìṣirò àwọn àjọ méjèèjì, àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú jẹ́ ẹni ọdún 60 sí 79, tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ àṣekúdórógbó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 74.

Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí òwe yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láàárín wa nìyí. Ẹni tí iṣẹ́ pa kì í kú sídìí iṣẹ́. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ni yóò ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹnu á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà yẹn, àwa ará ilé á ti máa wá ẹni tó ta á. A ó ní àwọn aráyé ni, a ó ní ìyàwó kékeré ni, a ó ní ilé tó kọ́ ló ń bí wọn nínú. Kò sẹ́ni tó máa rántí ka ogún ọdún tí bàbá náà kò fi sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ibi tí kò yẹ ká máa fẹ̀sùn kàn la ń fẹ̀sùn kàn, òwe wa sì ń bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́.

Àwọn ará Japan kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní orúkọ kan fún un, karoshi, tó túmọ̀ sí ikú àṣejù iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ti fi wákàtí 100 ṣe àfikún iṣẹ́ láàárín oṣù kan kí ọkàn tàbí ọpọlọ rẹ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí ìpíndọ́gba 80 lóṣù láàárín oṣù méjì sí mẹ́fà, ìjọba lè kà á sí ohun tí iṣẹ́ fà, kí ẹbí sì gba owó gbà-má-bínú. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣe òfin láti dènà rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé ń pè ní òṣìṣẹ́ kára ló jókòó tó kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé iṣẹ́ lè pani.

Ẹlòmíràn á ní, ó dáa, bó bá pani, ó kéré tán ó ń mú ni là. Èyí gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọta ìbọn ní Britain ń lo àwọn òṣìṣẹ́, àwọn obìnrin ló pọ̀ níbẹ̀, láti àárọ̀ Mọ́ńdè dé alẹ́ Sọ́ńdè. Ní 1915, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wo ìlera wọn, ìgbìmọ̀ yìí sì kọ iye wákàtí àti iye ọjà tí wọ́n ṣe sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, John Pencavel, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Stanford, tún àkọsílẹ̀ náà yẹ̀ wò. Ó rí i pé títí dé bíi wákàtí 49 lọ́sẹ̀, bí iṣẹ́ ṣe ń gùn lọjà ń pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà ò pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹni tó ṣe wákàtí 70 rí gbé jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ẹni tó ṣe 56 lọ. Wákàtí 14 tó wà láàárín, ìyà lásán ni.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Léèsì olọ́wọ́ òsì méjì ni mo rí.

Ohun mìíràn tún wà tó kan àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun. Ní 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid ṣe àyẹ̀wò kan ní Australia. Wọ́n rí i pé ẹni tí kò tíì sùn fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di wákàtí 24, ó ti tó 0.10. Ní England, 0.08 ni òfin gbà fún awakọ̀. Àbúrò mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ó máa ń ṣe ṣíìfù ọ̀sán, á gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn lóru, á sì wa mọ́tò lọ sílé ní òwúrọ̀. Òfin ibẹ̀ sọ pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìpíndọ́gba wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, pé ìsinmi wákàtí 11 sì yẹ kó wà láàárín iṣẹ́ ọjọ́ kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n òfin yìí kan náà gbà kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ síwèé pé òun gbà láti ṣe ju wákàtí 48 náà lọ, àbúrò mi náà sì fọwọ́ sí i. Nígbà tó bá fowó ránṣẹ́ sílé, a ó ní “Ọlọ́run á máa fún ẹ lókun.” Ó pẹ́ kí n tó kọ́ láti kọ́kọ́ bi í pé, “Ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?” Ọjọ́ tí mo bi í, ẹkún ló fi dáhùn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn baba wa la ti jogún àìsinmi. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ń jí lọ sóko kí oòrùn tó yọ, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ta kankan, inú abà ló wà, ó ń sun iṣu jẹ. Bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, á bẹ ọ̀wẹ̀, tàbí kó wọ àáró pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ṣe oko tirẹ̀ lónìí kí wọ́n ṣe tẹlòmíràn lọ́la. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọpọ́n ayò ń bẹ lábẹ́ igi. Ọ̀rọ̀ náà “ọ̀sẹ̀” tí a fi ń ka ọjọ́ méje báyìí, ọjọ́ ìbọ ló ń tọ́ka sí: ọ̀sẹ̀ Ògún, ọ̀sẹ̀ Ṣàngó, ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́, kò rí bíi tiwa tó jẹ́ iṣẹ́ la fi ń ka ohun gbogbo.

Àwọn kan náà tó ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́ ni wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ìdajì oògùn la mú, a fi ìdajì sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń súre fún ni, wọn kì í dúró síbi ire owó. Wọn á ka ire ọmọ, wọn á ka ire ọkọ tàbí aya, wọn á wá fi àìkú dé e, torí pé àìkú ló parí ìwà. Bí wọ́n ṣe ń ka aásìkí nìyẹn. Owó wà nínú rẹ̀ dájúdájú, ṣùgbọ́n kò dá wà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń ka èyí tó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti 2024 jẹ́ ₦70,000, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìyẹn lè rà lọ́jà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì kí ọmọ lè jẹun kò nílò ìwàásù mi, n kò sì bá a wí. Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé a ti sọ ohun tí àìní ń fipá mú un ṣe di ìwà akin. A ń yìn ín dípò ká ràn án lọ́wọ́. Àwa tí a sì lè yí i padà, àwa ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lápò wa, òwe la fi ń bojú. Èmi ni mo gba aṣọ ju agbára wa lọ, torí n kò fẹ́ kí oníbàárà kankan lọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi san án.

Nígbà tí mo dín wákàtí kù, n kò tíì mọ ohun tí màá fi àyè náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oorun ni mo ń sùn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí n kò ti ya àwòrán sítáìlì kankan fúnra mi, pé ohun tí oníbàárà bá fi hàn mí lórí fóònù ni mo kàn ń gé. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn láti kékeré, tí mo fi ń gé àkísà fún ọmọláńgidi, ti di ẹrù lọ́rùn mi láìmọ̀. Mo tọ bàbá kan lọ ní Òjé, kó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe sí ọrùn agbádá. Ó lọ́ra, kò mówó wá kíákíá. Ọjọ́ tí mo parí àkọ́kọ́, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo sì jókòó síwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo bẹ ọmọ yẹn, mo bẹ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí. Èékánná ìka yẹn kò hù dáadáa mọ́.

Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi báyìí tí mo kọ ọ́ sí pé a kò ní í gba aṣọ Kérésì mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, àti pé aago mẹ́fà la ń palẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn oníbàárà mẹ́ta bínú gbé aṣọ wọn lọ síbòmíràn. Ó dùn mí, ọ̀kan nínú wọn ti bá mi bọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ 37 ló kù lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ 22 la rán èyí tó kẹ́yìn tán, a kò sì tú ìkankan tún rán nínú wọn.