Igba ọmọ, bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ibi tí àká irúgbìn àgbàdo ti ṣẹ̀ wá

Àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ni pé àgbàdo lọ sóko ní ìhòòhò, ó kó igba aṣọ àti igba ọmọ bọ̀ wálé. Ohun tí àlọ́ náà kò sọ ni pé igba ọmọ yẹn kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Tí àgbàdo bá yọmọ, fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan tó yọ lẹ́nu háhá, hóró kan ló wà nídìí rẹ̀. Atẹ́gùn á gbọn lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ láti ara òdòdó akọ tó wà lókè, èyí tó bá sì bà lé irun kan ló di bàbá hóró yẹn. Ó lè wá láti ara àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó lè wá láti oko ẹlòmíì. Hóró méjì tó fara kan ara wọn lórí ṣùùkù kan lè jẹ́ iyekan, kí wọ́n má jẹ́ ọbàkan. Ọrọ̀ àgbàdo nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà.

Ìyá-ńlá àgbàdo kò jọ ọ́ rárá. Koríko ni, teosinte ni wọ́n ń pè é, ó ṣì ń hù ní Mẹ́síkò dòní. Ọmọ rẹ̀ kan kì í ní ju hóró márùn-ún sí méjìlá lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan há sínú èèpo tó le bí òkúta. Tó bá gbó, ńṣe ni wọ́n ń já bọ́ sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, torí kò sí ṣùùkù tó dì wọ́n mú. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi jiyàn pẹ́. Ní 1939, George Beadle ní teosinte gan-an ló bí àgbàdo. Paul Mangelsdorf ní rárá, àgbàdo igbó kan tó ti pòórá ni ìyá rẹ̀. Beadle ló jàre. Àyẹ̀wò àbùdá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni teosinte di àgbàdo, ní agbègbè odò Balsas ní gúúsù Mẹ́síkò, nǹkan bí ọdún 9,000 sẹ́yìn. Wọ́n sì ti rí àmì àgbàdo lára ọlọ òkúta ní Xihuatoxtla, ní agbègbè yẹn kan náà, tó ti tó ọdún 8,700.

Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn kò pe ara wọn ní onímọ̀. Lẹ́yìn ìkórè, àgbẹ̀ á jókòó ti òkìtì àgbàdo, á máa bó háhá, á máa yí ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lọ́wọ́, èyí tó bá wù ú á yà á sọ́tọ̀ fún gbíngbìn. Ẹnì kan ń fẹ́ funfun, ẹnì kan ń fẹ́ aláwọ̀ aró. Ẹni tí òjò rẹ̀ kì í pẹ́ ń fẹ́ èyí tó tètè gbó, ẹni tó wà lórí òkè tútù ń fẹ́ èyí tí òtútù kò lè pa. Ṣe èyí fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ní àfonífojì tó jìnnà síra, kí o wo ohun tó máa bí. Nal-Tel ti Yucatán kéré, ó sì yára gbó. Palomero Toluqueño, àgbàdo gúgúrú, ń hù lórí òkè níbi tí òtútù ti mú. Ọmọ àgbàdo Jala, láti àfonífojì kan ní Nayarit, máa ń gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Nínú Mẹ́síkò nìkan, wọ́n ka irú oríṣi báyìí tó 59.

Ọdún 1943 ni kíkó wọn jọ di iṣẹ́ gidi, nígbà tí Rockefeller Foundation, àjọ onínúure kan ní Amẹ́ríkà, àti ìjọba Mẹ́síkò dá ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ kan sílẹ̀. Edwin Wellhausen ló ṣáájú ti àgbàdo. Efraím Hernández Xolocotzi, ọmọ Tlaxcala, wà lára àwọn tó ń rin abúlé dé abúlé gba irúgbìn. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe torí kí ohun àtijọ́ má bàa parẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn tó máa so púpọ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì mọ̀ pé ọwọ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ti máa rí ohun tí wọ́n máa fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di 1952, wọ́n ti to oríṣi 25 sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ kan láti Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ náà káàkiri ilẹ̀ Látìn Amẹ́ríkà, wọ́n ń kó ohun tí wọ́n rí pa mọ́ ní Mẹ́síkò, Kòlóńbíà àti Bùràsíìlì. CIMMYT, ilé ìwádìí àgbàdo àti àlìkámà àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966 nítòsí ìlú Mexico City, ló ni àká tó tóbi jù lónìí: ìdì irúgbìn àgbàdo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí 28,000.

Ohun tó wá yí èrò àwọn èèyàn padà ni ọdún 1970.

Láti ìgbà tí George Shull, onímọ̀ irúgbìn ará Amẹ́ríkà, ti tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1908 ni ọ̀nà àgbàdo hybrid ti là. Wọ́n á fi lẹ́búlẹ́bú ara àgbàdo bí ara rẹ̀ léraléra títí ìdílé rẹ̀ á fi dọ́gba, wọ́n á wá gbé irú ìdílé méjì bẹ́ẹ̀ pàdé, ọmọ tí wọ́n bá bí á le dáadáa. Àmọ́ kí àdàlù yìí tó ṣeé ṣe, wọ́n ní láti fọwọ́ já òdòdó akọ kúrò lórí gbogbo èyí tó jẹ́ ìyá, kó má bàa fún ara rẹ̀ lóyún. Iṣẹ́ oòrùn, iṣẹ́ owó. Nígbà tí wọ́n wá rí àgbàdo kan ní Texas tí òdòdó akọ rẹ̀ yàgàn fúnra rẹ̀, inú gbogbo ilé-iṣẹ́ irúgbìn dùn. Ìyàgàn yẹn, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1960, bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo Amẹ́ríkà ló ti ara ìyá kan ṣoṣo yìí wá. Àwọn bàbá lè yàtọ̀ bó ṣe wù wọ́n.

Àwọn onímọ̀ ní Philippines ti kígbe láti 1961 pé irú àgbàdo yìí kò lè dúró níwájú àrùn jẹwéjẹwé kan. Wọn kò kà á sí ní Amẹ́ríkà. Ní 1970, oríṣi tuntun nínú àrùn náà bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù, ó gun atẹ́gùn lọ sí àríwá, ewé jóná, ọmọ àgbàdo rà nínú háhá. Bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló lọ, nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là. Ohun kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì tó mú òdòdó yàgàn ló ṣílẹ̀kùn fún májèlé àrùn náà. Wọ́n padà sídìí fífi ọwọ́ já òdòdó.

Wọ́n ti wá rí ewu tó wà nínú ìyá kan ṣoṣo; láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi ojú mìíràn wo àwọn àká. Ṣùgbọ́n irúgbìn inú àká kì í wà láàyè títí. Àkókò ń lọ, hóró ń kú, wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un gbìn. Ibi tí igba ọmọ ti di iṣẹ́ nìyí. Tí wọ́n bá jẹ́ kí atẹ́gùn ṣe é, oríṣi yìí á gùn ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Torí náà wọ́n ń fi àpò bébà bo irun kí ó tó yọ, wọ́n ń gba lẹ́búlẹ́bú sínú àpò mìíràn, wọ́n á wá dà á sórí irun lọ́wọ́, ọmọ kan lẹ́yìn ìkejì. Kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ mẹ́wàá péré, nítorí àbùdá tó ṣọ̀wọ́n á já sọnù. Ọgọ́rùn-ún ọmọ ni wọ́n ń fojú sí fún ìdì kan. Ẹ wá ṣe ìyẹn lọ́nà 28,000.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe inú àká nìkan ni wọ́n ti ń rí ohun tó níye lórí. Teosinte kan tí ń hù lọ́dọọdún láìjẹ́ pé wọ́n tún un gbìn, Zea diploperennis, orí òkè Sierra de Manantlán ní Jalisco ni Rafael Guzmán ti rí i, ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ní 1979 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ó ń dènà onírúurú àrùn fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń gba àgbàdo lóyún. Ní 1987, ìjọba Mẹ́síkò sọ òkè náà di ibi ààbò.

Èyí tó wù mí jù ni ti òkè Mixe ní Oaxaca. Àgbàdo ibẹ̀ ga tó mítà márùn-ún, ilẹ̀ tó sì ń hù lórí rẹ̀ ṣá. Láti ara igi rẹ̀, lókè ilẹ̀, ni gbòǹgbò pupa ti ń yọ bí ìka ọwọ́, tí òjò bá sì ti rọ̀, omi yíyọ̀ á máa kán lẹ́nu wọn, ó nípọn bí omi ilá. Inú omi yẹn ni àwọn bakitéríà ń gbé, wọ́n ń fa náítírójìn, oúnjẹ tí irúgbìn fi ń dàgbà, láti inú afẹ́fẹ́ fún àgbàdo. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 sọ pé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń rí 29 sí 82 nínú ọgọ́rùn-ún náítírójìn rẹ̀. Àwọn ará Mixe tó ń gbìn ín kò dúró de ìwé náà kí wọ́n tó máa gbìn ín. Àwọn onímọ̀ irúgbìn ti ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé àbùdá yìí wọ àgbàdo òde òní, ṣùgbọ́n àgbàdo Mixe máa ń lo bí oṣù mẹ́jọ lóko kó tó gbó.