Mehter: ìlù ogun tí ọba ń dìde gbọ́

Nínú báǹdì àwọn sójà, ìlù ràbàtà kan wà tí ìró rẹ̀ máa ń dé àyà ènìyàn kí ó tó dé etí. Ìlù yẹn, àti aro tí wọ́n ń gbá pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Tọ́kì ni àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti mú un. Ẹgbẹ́ tó ń lù ú nílẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ń pè ní mehter. Inú èdè Páṣíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “àgbà” tàbí “ẹni tó ga jù”.

Ẹ má wò ó bí ẹgbẹ́ tó ń dá àwọn ọmọ ogun lára yá lásán. Láyé ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba àwọn ọba Tọ́kì àtijọ́, ara ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà lórí oyè ni mehter, bí àsíá ti jẹ́, àti ìrù ẹṣin tí wọ́n ń so mọ́ orí ọ̀pá níwájú àwọn olóyè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé nígbà tí Sultan àwọn Seljuk, àwọn Tọ́kì tó ṣáájú Ottoman lórí oyè, fẹ́ bu ọlá fún Osman, baba ńlá ìdílé Ottoman, ìlù àti àsíá ló fi ránṣẹ́ sí i. Wọ́n lu ìlù náà, Osman sì dìde dúró títí wọ́n fi lù ú tán. Àwọn ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ náà ń dìde bẹ́ẹ̀, àfìgbà tó di orí Mehmed Kejì, ẹni tó gba Constantinople, tí à ń pè ní Istanbul lónìí, ní 1453, tó ní kí wọ́n jáwọ́. Ọba tí gbogbo ayé ń dìde fún, ìlù lòun ń dìde fún.

Bí oyè bá ṣe ga tó ni mehter olóyè náà ṣe ń pọ̀ tó. “Kat” ni wọ́n fi ń kà á. Mehter oní-kat mẹ́sàn-án ni ti Sultan, èyí ni pé ohun èlò kọ̀ọ̀kan pé mẹ́sàn-án: fèrè mẹ́sàn-án, aro mẹ́sàn-án, ìlù mẹ́sàn-án. Páṣà, ìyẹn olóyè ńlá lábẹ́ Sultan, tí ipò rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kó tó bẹ́ẹ̀ jọ.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ àwọn ohun èlò yìí wò. Zurna ló ń kọ orin gan-an. Fèrè onígi ni, ìdí rẹ̀ ṣí gbàgà, ohùn rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ẹni tó ń fọn ọ́n máa ń kó afẹ́fẹ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, á máa ti èyí sínú fèrè, á sì máa fi imú fa òmíràn, kí orin má baà já. Boru, tí í ṣe kàkàkí onídẹ, kò lè tẹ̀ lé orin yẹn dáadáa. Ohùn gbọọrọ ló ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Nakkare dà bíi gudugudu méjì tí wọ́n so pọ̀. Zil ni aro. Çevgen jẹ́ ọ̀pá tí ṣaworo kún orí rẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹnu kọrin ló máa ń mì ín.

Davul ni èmi fẹ́ràn jù nínú wọn. Ìlù olójú méjì ni, wọ́n ń fi awọ gbé e kọ́ èjìká. Ọwọ́ ọ̀tún onílù di kọ̀ǹgọ́ tó nípọn mú, ọwọ́ òsì rẹ̀ di pàṣán tín-ín-rín. Kọ̀ǹgọ́ á sọ pé “düm”, pàṣán á dá a lóhùn pé “tek”. Bí ìlù kan ṣoṣo ṣe ń fọhùn méjì nìyẹn. Kös wá ju gbogbo wọn lọ. Ìlù abàmì yìí tóbi débi pé ràkúnmí ló ń gbé e lọ sójú ogun.

Lójú ogun, ibi tí àsíá bá wà ni mehter ń wà. Nígbà tí eruku bá bo gbogbo ilẹ̀ tí jagunjagun kò rí àsíá mọ́, yóò ṣì máa gbọ́ ìlù. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi náà ń gbọ́ ọ, bí àwọn ará Vienna, olú ìlú Austria, ṣe gbọ́ ọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ottoman dó tì wọ́n ní 1683.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ará Yúróòpù yìí náà ni wọ́n padà wá ń wá kiri. Nígbà tó fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọba Yúróòpù ti ń fi ìlù ńlá, aro àti çevgen kún báǹdì ogun tiwọn. Mozart, gbajúmọ̀ tó ń ṣe orin, lo ìró yìí nínú eré orin tó gbé jáde ní Vienna ní 1782, Beethoven, akẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ orin, náà sì lò ó nínú symphony (orin gígùn fún ọ̀pọ̀ ohun èlò) rẹ̀ kẹsàn-án ní 1824. Títí di òní, báǹdì àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣì ń gbé ọ̀pá oníṣaworo kan tí wọ́n ń pè ní Schellenbaum, ìrù ẹṣin méjì sì ń fì lára rẹ̀.

Nílẹ̀ Tọ́kì gan-an ni wọ́n ti pa mehter. Àwọn Janissary, ọmọ ogun Sultan fúnra rẹ̀, ló so mọ́, agbára àwọn wọ̀nyí sì ti pọ̀ débi pé wọ́n ń yọ ọba lóyè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1826, Sultan Mahmud Kejì yìnbọn àgbá lu ibùdó wọn ní Istanbul, ó sì tú wọn ká. Mehter bá wọn lọ. Ní 1828, ará Ítálì kan, Giuseppe Donizetti, ẹ̀gbọ́n Gaetano Donizetti tó ń ṣe eré orin, dé láti máa darí báǹdì tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ bíi ti Yúróòpù. Ó ṣe é dójú àmì, wọ́n sì sọ ọ́ di Páṣà.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn onímehter kì í kọ orin sílẹ̀. Ẹnu ọ̀gá ni ọmọṣẹ́ ti ń gbọ́ ọ, etí ló fi ń pa á mọ́. Nígbà tí wọ́n tú wọn ká, púpọ̀ nínú orin náà bá wọn wọlẹ̀. Lára ìwọ̀nba tó kù ni èyí tí Ali Ufki kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ọmọ Póláǹdì ni, wọ́n mú un lẹ́rú, ó sì di olórin láàfin. Àmì orin Yúróòpù ló lò, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ló kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé níbẹ̀ nígbà náà.

Ní 1914, wọ́n tún mehter gbé dìde nílé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun ní Istanbul. Wọ́n tì í ní 1935, wọ́n sì tún dá a padà ní 1952. Nítorí náà, púpọ̀ nínú orin tí wọ́n ń kọ lónìí kò dàgbà tó aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ kọ ọ́. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ṣe é.

Bí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tò bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹnì kan á ké sí olórí wọn pé àkókò ayọ̀ ti tó. Olórí á bọ́ sí àárín, á kí wọn, wọ́n á dáhùn. Ó wá ké pé “Haydi, ya Allah!”, ìyẹn “Ó yá, Ọlọ́run!” Kös á dún.